Ọ̀rọ̀ Wẹ́wẹ́ Ẹ̀yìn Ike Ìpara

Ní ilé ìtẹ̀wé tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Wọn ìbáà tẹ ìwé ogójì ojú-ewé, bí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo bá fò nínú rẹ̀, Ojú-Àwòdì ò ní í tíì jókòó dáadáa tí yóò ti na ìka sí i pé, "Ẹni yìí ò tíì dákẹ́ o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ!" Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dá ẹ̀rọ dúró, torí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣì í.

Lébẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àwọn tó ń ṣe òróró irun, àwọn tó ń po ìpara sínú ike, ilé ìtẹ̀wé náà ni gbogbo wọn ń gbé iṣẹ́ wá. Òun ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí yóò kọ orúkọ ọjà gàdàgbà síwájú, tí yóò wá to ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ yìí ló ń sọ ohun tó wà nínú ike. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń gbé e fún.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ará ìta ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà yìí ni kì í mú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kankan wá. Wọ́n á mú orúkọ ọjà wá, wọ́n á mú àwòrán òdòdó wá, ṣùgbọ́n bó bá kan ohun tí wọ́n fi po ọjà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. "Ẹ sáà bá wa kọ nǹkan tó bójú mu síbẹ̀," ni wọ́n á wí. Ojú-Àwòdì á wo ike ẹlòmíràn tó bá wà lórí tábìlì, á da ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ. Ọ̀gá rẹ̀ ò rí ohun tó burú níbẹ̀. "Ta ló ń kà á?" ni ọ̀gá máa ń wí. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ni Ìyá Dídán. Àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ló ti ń ta ìpara, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ti ń pò ó. Obìnrin náà lawọ́, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí lébẹ̀lì bá ti dára lójú rẹ̀, á yọ ike kan nínú báàgì, á fi lé Ojú-Àwòdì lọ́wọ́. "Gbà, ọmọ mi. Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ."

Ọdún mẹ́fà ni Ojú-Àwòdì fi pa ìpara yẹn, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ mọ́ mi lọ́wọ́ o. Ẹni tí mo fẹ́ lọ́jọ́sí dà?"

Òun náà á ní, "Ó wà nínú fíríìjì kan tẹ́ ẹ gbàgbé láti tún ṣe."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Dídán wọ ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú ike tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó jókòó, ó ń fi ìwé tó rí lórí tábìlì fẹ́ra.

"Àwọn aboyún ni mo fẹ́ máa tà á fún báyìí," ó ní. "Bí oyún bá ti dé, ọrùn á dú, àbààwọ́n á bo ojú, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n á fi pa. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kí la lè kọ síwájú ike tí ọkàn wọn á fi balẹ̀?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ "Ojúlówó" síbẹ̀. Ìyá Dídán yínmú, ó ní kò sí ọjà tí kì í jẹ́ ojúlówó lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ojú-Àwòdì ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó fi sọ pé, "Ẹ kọ ọ́ pé: Kò léwu fún ìyá, kò léwu fún ọmọ."

Ìyá Dídán fò dìde, ó dì mọ́ ọn. "Ẹnu rẹ ò ní kan! Èyí á wọ̀ wọ́n lára ju ìpara gan-an lọ!"

Ike mẹ́ta ni Ojú-Àwòdì gbà lọ́jọ́ náà. Kò béèrè bóyá ohun tó wà nínú ike pupa yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ike àtijọ́. Kò tíì kàn án nígbà náà. Ọdún kẹjọ tó wọlé ọkọ nìyẹn, kò sì tíì lóyún rí. Àwọn ẹbí ti bi í léèrè títí ó fi sú wọn.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó lóyún.

Ọjọ́ tó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì oníbàárà kan, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Kò dìde. Ó fi iwájú orí ti ara fíríìjì náà, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Oníbàárà rò pé iná ló gbé e, ó sáré lọ pa iná ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ilé ìtọ́jú aboyún, orí bẹ́ǹṣì gígùn ni àwọn obìnrin ń jókòó sí, ikùn ẹni kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ kúrú, àmọ́ ohùn rẹ̀ ga bí agogo ilé ìwé.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ la sọ," ó ní. "Tòní, ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi pa ara. Awọ ara kì í ṣe ògiri o. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pa á, ó lè wọlé, ibi tó sì ń wọlé sí, ọmọ ló wà níbẹ̀."

Ó kọ ọ́ sára pátákó. Mẹ́kúrì ló kọ́kọ́ kọ, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ó kọ haidirokuinónì tó ń bó àwọ̀. Ó kọ rẹ́tínọ̀lì àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú ìpara irorẹ́ àti ti ojú híhunjọ. Ó kọ ásíìdì líle tí wọ́n fi ń bó ojú. Ó ní kí wọ́n má fi ìkankan nínú wọn kan ara títí wọn ó fi bímọ, pé mẹ́kúrì ní tirẹ̀, kí wọ́n má fi kan ara láéláé.

Obìnrin kan bínú. "Nọ́ọ̀sì, kí ló wá kù fún wa? Ṣé ká máa fi omi pa ara ni?"

"Faselíìnì lásán tí kò ní òórùn," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Gilisẹrínì. Òróró àgbọn tí wọn ò po nǹkan kan mọ́. Bí oòrùn bá ń ba ojú yín jẹ́, ẹ wá ìpara oòrùn tó ní síńkì. Ẹ ka ẹ̀yìn ike. Àní mo ní kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ike! Òun ló máa sọ òótọ́ fún yín."

Ojú-Àwòdì ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn káàdì rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tíntìntín tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti ní òun ló máa sọ òótọ́, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ike ìpara rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n kò nílò kó dé ilé kó tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi, gilisẹrínì, òróró àgbọn, fítámì, òórùn dídùn. Gbogbo wọn dára. Òun ló tò wọ́n síbẹ̀. Ẹ̀yìn ike ìpara ọmọ ọwọ́ kan tí oníbàárà mìíràn gbàgbé sórí tábìlì rẹ̀ ló ti dà wọ́n kọ.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ó bá gbogbo ike ilé lórí bẹ́ẹ̀dì, mọ́kànlá, tí ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

"Kí ló dé?"

"Mò ń wá èyí tí mo lè fi pa ara."

Ọkùnrin náà mú ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó ń ṣẹ́jú. "Èyí dáa nígbà yẹn. Òróró àgbọn wà níbẹ̀. Ṣebí wọ́n kọ ọ́ síbí."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ mú òmíràn. "Èyí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Méje nínú mọ́kànlá ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mẹ́rin tó kù, kò mọ ẹni tó kọ tiwọn, ṣùgbọ́n ó mọ irú iṣẹ́ tí òun àti ẹni yẹn jọ ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ gbé ike sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ta ló wá sọ ohun tó wà nínú wọn fún ẹ nígbà tó o kọ wọ́n?"

"Kò sẹ́ni."

"O ò sì bi wọ́n?"

Ọkọ rẹ̀ kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kó tó tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì rọra mú un lọ́wọ́, àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ojú-Àwòdì gba ìsọ̀ Ìyá Dídán lọ. Wọ́n ní ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Kò wọ ibẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà. Ó bá bàsíà ńlá mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, igi ìrokà tó gùn bí apá ènìyàn, ike òfìfo tí wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de tíṣà, àti agolo kan nílẹ̀ tí kò ní orúkọ kankan lára.

Ìyá Dídán gbọ́ pé ó lóyún, ó pariwo ayọ̀, ó fò mọ́ ọn. Ojú-Àwòdì dúró gbọnin títí tó fi tú u sílẹ̀.

"Mà, kí ló wà nínú ìpara yìí?"

"Ìfẹ́ ni," ni Ìyá Dídán wí, ó rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Dídán wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Má fi pa ara mọ́."

"Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò kúkú mọ orúkọ rẹ̀ tán. Ìyẹ̀fun funfun kan ni. Ẹni tó ń kó o wá ò ṣàlàyé púpọ̀. Ó sáà ní kí n máa bo imú bí mo bá ń pò ó."

"Ẹ sì ń bo imú?"

"Mò ń bo imú."

Ojú-Àwòdì wo aṣọ tó so rọ̀ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ funfun tó ní okùn méjì, tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní. "Àwa tí a wá ń fi pa ojú ńkọ́, mà?"

Ìyá Dídán yíjú kúrò lára aṣọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ike kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ike lásán tí kò ní lébẹ̀lì. "Gba eléyìí. Èyí dáa gan-an, èmi fúnra mi ló ń lò ó." Ó nà án sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínà bẹ́ẹ̀ títí Ojú-Àwòdì fi jáde.

Dókítà ilé ìtọ́jú aboyún gba ìtọ̀ rẹ̀, ó gba ìpara díẹ̀ nínú ike, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò. Èsì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Mẹ́kúrì ni, ó sì pọ̀, ó wà nínú ìpara, ó wà nínú ara Ojú-Àwòdì náà. Dókítà jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó ń yọ awò ojú rẹ̀ bó bá fẹ́ sọ ohun tó le. Ó yọ ọ́.

"Màámì, ohun yìí kì í tètè kúrò lára. Ó sì máa ń kọjá sára ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣe ní ibi. A ò lè mọ̀ báyìí."

"Ṣé kò sí oògùn tó ń fà á jáde ni?"

"Ó wà. Àmọ́ oògùn náà ní ewu tirẹ̀, a kì í sáré fún aboyún lò. Bí ara yín ṣe rí báyìí, mi ò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kẹ́ ẹ má fi pa ara mọ́."

"Mo ti fi sílẹ̀ láti ìgbà yẹn."

"Ẹ ti ṣe é nìyẹn." Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. Ojú-Àwòdì jókòó, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìyókù.

Dókítà ní kí wọ́n di gbogbo ike náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n kó o wá, kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà. Ọkọ rẹ̀ ló dì wọ́n. Òun náà ló fọ ìrọ̀rí, tó fọ aṣọ ìnura, tó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn gbogbo pẹ̀lú omi ọṣẹ, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrọ̀rí. Ọkùnrin tí kì í fọ àwo tó fi jẹun! Bí kì í bá ṣe ohun tó fà á, ìyàwó rẹ̀ ìbá ti pe àwọn ará ilé wá wò ó.

Faselíìnì lásán ló wá kù fún Ojú-Àwòdì. Ojú tó ti mọ́ fún ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó, ó pọ́n bí ẹran. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bíi pé ẹnìkan lù ú. Ọrùn rẹ̀ pọ́n síbí, ó dú sọ́hùn-ún. Níbi iṣẹ́, àwọn tó ń bá a ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ ń bá ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà wo ojú rẹ̀. Ó ń ka ẹ̀yìn gbogbo nǹkan, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìfọyín, òróró irun, á kà á tán, á gbé e padà sórí pẹpẹ, torí kíkà náà kò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kà á ń rí ìdáhùn, òun ń rí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Oyún pé oṣù mẹ́fà nígbà tí ọ̀gá gbé iṣẹ́ kan sórí tábìlì rẹ̀. Ike pupa ni. Ẹgbẹ̀rún méjì lébẹ̀lì ni Ìyá Dídán ní òun ń fẹ́, torí ọjà náà ń tà.

"Ọ̀gá, mi ò lè ṣe èyí."

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló fún un láyè láti máa lọ sí ilé ìtọ́jú láìyọ ọ́ lẹ́nu. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé àwa la pò ó ni? Ìwé la ń tẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ iwájú rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́, ọ̀gá. Láti ẹnu mi ni."

"Ó ti kúrò lẹ́nu rẹ báyìí. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

Ó na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan. Ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ojú-Àwòdì jókòó síbẹ̀ títí ẹgbẹ̀rún méjì náà fi jáde. Àṣìṣe kankan ò sí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é kó wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ní ilé ìtọ́jú, ọmọbìnrin kan jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlélógún, oyún àkọ́kọ́ ni. Awọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó wu Ojú-Àwòdì láti fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ń wá káàdì rẹ̀ nínú báàgì, ó yọ ike pupa síta, ó gbé e sórí itan.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ojú-Àwòdì wí, "má fi nǹkan yìí pa ara."

"Kí ló dé, àǹtí?"

"Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún mi."

Ọmọ náà yí ike sí i, ó fi èékánná tọ ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. "Ẹ wò ó, àǹtí. Kò léwu fún ìyá, kò léwu fún ọmọ. Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ náà bí nọ́ọ̀sì ṣe ní ká kà á. Òróró àgbọn wà níbẹ̀."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Irọ́ ni."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bó, ó wo ọrùn rẹ̀, àánú sì bò ó lójú. Ó rọra sún kúrò díẹ̀. "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ pé èyí tẹ́yin lò ni kò dáa." Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀, ó dìde, ó gbé ike rẹ̀ dání.

Ojú-Àwòdì sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pe ọmọ náà, ó bá a wí. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ kedere, àwọn obìnrin méjì sì ń bi í léèrè ohun tó ń lò.

Ìyẹn ló gbé Ojú-Àwòdì dé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọjà bẹ́ẹ̀. Àkàsọ̀ ilé alájà mẹ́ta ló gùn pẹ̀lú ikùn. Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ fún un ní fọ́ọ̀mù, ó kọ gbogbo rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ lébẹ̀lì. Wọ́n kúkú wá. Wọ́n kó bàsíà, wọ́n kó agolo, wọ́n fi àgádágodo ti ìsọ̀ náà pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni inú rẹ̀ fi dùn díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ìyá Dídán ṣí ìsọ̀ mìíràn ní òpópónà kejì. Ike náà ti di aláwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ilé ìtẹ̀wé mìíràn ló tẹ lébẹ̀lì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iwájú rẹ̀ nìkan ni wọn ò yí padà.

Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní oníbàárà mẹ́ta ti kó iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò tún lọ fẹjọ́ àwọn náà sùn. Ó ní kó lọ sinmi, kó bímọ ní àlàáfíà. Ojú-Àwòdì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lóye ọ̀rọ̀ náà kó tó parí. Wọn ò pè é padà.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké, igbe rẹ̀ sì mú. Ọkọ rẹ̀ ka ìka ọwọ́, ó ka ìka ẹsẹ̀, ó tún wọn kà, ó ní wọ́n pé. Oṣù méjì ni ilé wọn fi dà bí ilé àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ń jà nítorí oorun, wọ́n ń gbàgbé omi lórí iná. Ojú-Àwòdì tiẹ̀ kọrin nílé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan. Omi lásán ló fi ń wẹ ọmọ náà, faselíìnì díẹ̀ ló fi ń pa á lára.

Òun náà ló kọ́kọ́ rí i. Ó di oṣù kẹta, ó gbé ṣíbí tó ń dán síwájú ojú ọmọ, ó rọra gbé e lọ sí ọ̀tún. Ojú ọmọ ò tẹ̀ lé e. Ó gbé e lọ sí òsì. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ń gbé ṣíbí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ọjọ́ kan tó bojú wẹ̀yìn, tó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí òun náà mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání. Òun náà ti ń dá a wò.

Ní oṣù kẹfà, ọrùn ọmọ ò tíì dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, kò jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń le sí i. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà bó ṣe yẹ."

"Ṣé ìpara yẹn ni?" ni Ojú-Àwòdì béèrè.

"A ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó máa sọ fún wa báyìí."

"Ẹ sáà sọ pé òun ni."

"Màámì, mi ò mọ̀."

Ó ti múra sílẹ̀ láti gbé ẹ̀bi náà. Láti inú oyún títí ọmọ fi pé oṣù mẹ́sàn-án ló fi múra. Wọn ò fún un. Ọkọ rẹ̀ ò fún un náà. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ ike mọ́kànlá náà, ọkùnrin yẹn á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀," á sì bọ́ síta lọ nu irinṣẹ́ tí kò dọ̀tí.

Obìnrin kan ní ọsibítù ló kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa na ẹsẹ̀ ọmọ kí iṣan má baà dì. Ogún ìgbà ni ẹsẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ojú-Àwòdì bi í bóyá ọmọ náà yóò rìn. Obìnrin náà ní kì í ṣe nítorí rírìn, ó ní kó má baà máa dùn ún ni.

Nítorí náà, ní àárọ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Ojú-Àwòdì á mú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ á bọ́ bàtà iṣẹ́, á jókòó sílẹ̀, á mú ẹsẹ̀ òsì. Wọn kì í sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á gbàgbé iye tó kà dé. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n dé ìkẹrìnlá, ọmọ náà yán, ó gbé ojú rẹ̀ sí àjà, ó sùn lọ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ wo ìyàwó rẹ̀ bóyá kí àwọn dúró.

"Ó ku mẹ́fà," ni Ojú-Àwòdì wí. Wọ́n kà á tán.